Ọmọ Tí Eyín Rẹ̀ Kò Pàdé
Ìwé ìlàlóye fún àwọn òbí ní Katako àti àdúgbò Niamey yòókù

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ eyín ọmọ tí kò pàdé la fẹ́ bá yín sọ: eyín òkè tó yọ síta, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó gùn síwájú, eyín tó gun ara wọn, tàbí iwájú ẹnu tó ń ṣí sílẹ̀ bí eyín ẹ̀yìn tilẹ̀ pa dé. Ìgbà ló ṣe kókó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Egungun ẹnu ọmọ ń dàgbà, bó bá sì ṣì ń dàgbà, oníṣègùn lè darí rẹ̀. Bó bá ti gbó tán, eyín nìkan ni wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lè sún. Egungun fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ yẹ ẹnu ọmọ wò ní ọdún 7

Eyín àkọ́hù 20 ni ọmọ máa ń ní. Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá mẹ́rin a yọ ní ẹ̀yìn pátápátá, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Nítorí pé eyín kankan kò ká kí wọ́n tó yọ, ọ̀pọ̀ ìyá ló rò pé eyín ọmọdé ni wọ́n, pé bí wọ́n bá jẹrà, òmíràn ń bọ̀. Kò sí òmíràn. Àwọn mẹ́rin yìí ló yẹ kó bá ọmọ náà dé ogbó, orí wọn sì ni ìpàdé eyín yòókù dúró lé. Láàárín ọdún 6 sí 8 ni eyín iwájú ń ká, àwọn tó kù a sì máa rọ́pò ara wọn títí di bí ọdún 12 tàbí 13.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà fi ń sọ pé kí ọmọ rí oníṣègùn fún àyẹ̀wò ìpàdé eyín kó tó kọjá ọdún 7. Àyẹ̀wò ni wọ́n wí o, kì í ṣe wáyà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bá yẹ̀ wò, ohun tí wọ́n á sọ fún òbí wọn kò ní ju pé kí ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ mú ọmọ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ má sọ pé kó deyín mọ́ra, torí ọmọdé tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún sábà máa ń ti àgbọ̀n síwájú. Ẹ ní kó gbé itọ́ mì, kó sì fi eyín ẹ̀yìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bára wọn. Ẹ wá fi ìka rọra ká ètè rẹ̀ sókè. Eyín òkè yẹ kó wà níta ti ìsàlẹ̀ yíká ẹnu, bí ìdérí ìkòkò ṣe máa ń yọ díẹ̀ kọjá ẹnu ìkòkò.

Bí ti ìsàlẹ̀ bá wà níta ti òkè, ìbáà ṣe níwájú, ìbáà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lọ rí oníṣègùn láìfi falẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ kan yẹn ni òbí kì í tètè rí. Ọmọ á máa yẹ àgbọ̀n sápá kan kó tó lè rún oúnjẹ. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, egungun lè dàgbà sápá kan ju èkejì lọ, kí ojú sì wọ́.

Eyín òkè tó yọ síta, tí ètè kò lè bò, òun ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá bí ọmọ bá ṣubú. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ìjọba ti ń sanwó ìtọ́jú yìí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, wọn kì í sanwó fún gbogbo eyín tó wọ́. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Bí eyín òkè bá fi ju mílímítà 6 lọ síwájú ti ìsàlẹ̀, wọ́n kà á sí ìṣòro tó nílò ìtọ́jú. Bí ọmọ yín bá ní irú eyín yìí, ẹ rántí èyí: bí eyín àgbà bá jábọ́ nígbà tó ṣubú, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má ha á. Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dá a padà sójú ihò rẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jù ú sínú mílíìkì olómi, kí ẹ sì sáré lọ bá oníṣègùn eyín. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló dára jù. Eyín àkọ́hù ni a kì í dá padà.

Èjí ńkọ́? Èjí kì í ṣe àìsàn, a ò sì ní ní kí ẹnikẹ́ni pa èjí ọmọ rẹ̀ dé. Ẹwà ni lójú tiwa. Yàtọ̀ sí èjí tòótọ́, láàárín ọdún 7 sí 10, àlàfo máa ń wà láàárín eyín òkè méjì tó wà níwájú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ. Nígbà tí eyín ṣónṣó bá yọ tán, ní bí ọdún 11 sí 12, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dín kù tàbí kó pa dé fúnra rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má fi rọ́bà so eyín pọ̀ láé. Rọ́bà náà lè yọ́ wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín, kó máa ba egungun tó di eyín mú jẹ́, títí eyín tí kò ní àrùn kankan yóò fi jábọ́. Bákan náà ni wáyà ẹ̀ṣọ́ tí àwọn kan ń tà fún àwọn ọ̀dọ́: ẹni tí kò mọ ibi tí gbòǹgbò eyín wà kò gbọ́dọ̀ ta wáyà mọ́ eyín ọmọ ẹni.

Ohun tí òbí lè ṣe kó tó di ọ̀rọ̀ owó

Ìka mímu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó pé ọdún 4. Èyí tó bá ṣì ń mu ún nígbà tí eyín àgbà ń yọ níwájú ló ń ti eyín òkè síta, tó sì ń mú kí iwájú ẹnu ṣí sílẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi ata tàbí ewúro kun ìka náà. Ata á wọ ojú ọmọ, ìtìjú á sì mú kó máa fi mímu rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ aṣọ lóru. Ẹ yìn ín ní ọjọ́ tí kò bá mu ún, ẹ wá nǹkan sí i lọ́wọ́ nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Bí ó bá jáwọ́ kí eyín àgbà tó yọ tán, ẹnu tó ṣí sílẹ̀ lè pa dé láìsí wáyà rárá.

Eyín àkọ́hù ló ń ṣọ́ àyè fún eyín àgbà. Bí ṣúgà bá ba eyín ẹ̀yìn ọmọ ọdún 5 jẹ́, tí wọ́n sì yọ ọ́, eyín ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún wá síwájú, á gba àyè náà. Nígbà tí ẹni tó ni àyè bá fẹ́ yọ ní ọdún 10 tàbí 11, kò ní rí ibi gbà. Á yọ ságbàlá, tàbí kó dúró sínú egungun. Púpọ̀ nínú eyín tó gun ara wọn, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fún ọmọ ní tíì olómi ṣúgà tàbí ìgò mílíìkì lọ sórí ibùsùn. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá di dandan kí wọ́n yọ eyín àkọ́hù tó wà lẹ́yìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn bóyá ó yẹ kó fi wáyà kékeré tó ń ṣọ́ àyè síbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń dí imú ọmọ ní Niamey, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi ẹnu mí láti ọdún dé ọdún, tó ń hanrun, tó ń lanu sùn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn imú àti ọ̀fun. Nǹkan lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀ lẹ́yìn imú, èyí sì lè ṣàkóbá fún bí àjà ẹnu rẹ̀ ṣe ń fẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà

Bí ẹran ìdí eyín ọmọ kékeré bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó dégbò, tí ẹnu ń rùn gan-an, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wú, pàápàá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìta tàbí tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ó lè jẹ́ noma. Ọmọ ọdún 2 sí 6 ló ń bá jà jù, Niger sì wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó ti ń ṣọṣẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun àgbọ̀n. Bí ọmọ bá tètè rí oògùn apakòkòrò àti oúnjẹ tó dára, a lè dá a dúró. Ní Oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi noma kún àkójọ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti gbàgbé sẹ́yìn. Ọmọ tó bá yè é bọ́ lè máà lè la ẹnu mọ́, eyín rẹ̀ á sì dojú rú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò iṣẹ́ abẹ, èyí tí ilé ìwòsàn noma ní Sokoto ti ń ṣe láti 1999.

Bí ìtọ́jú ṣe ń lọ

Àjà ẹnu jẹ́ egungun méjì tó pàdé láàárín. Nígbà ọmọdé, ojú ìpàdé náà kò tíì dì, nítorí náà oníṣègùn lè fi ohun èlò kan tó ní ìdè kékeré fẹ̀ ẹ́, tí òbí á máa fi kọ́kọ́rọ́ yí díẹ̀díẹ̀ nílé. Kí ọmọ tó bàlágà ló rọrùn jù. Bí àgbọ̀n òkè ni kò dàgbà tó, tí ti ìsàlẹ̀ fi yọ síwájú, wọ́n lè fún un ní ìbòjú tó ń fa àgbọ̀n òkè síwájú lálẹ́. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ jù kí ó tó pé ọdún 10. Ẹ ò rí i pé ẹni tó dúró dé ọdún 14 ti pàdánù nǹkan.

Ti eyín òkè tó yọ síta yàtọ̀. Àwo méjì tó ń ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú ni wọ́n sábà máa ń lò, ní ìgbà tí ọmọ ń ga sókè kíákíá, èyí tó máa ń tètè dé bá obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ìwádìí ti fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 8, kí a tún wá ṣe òmíràn ní ọdún 13, kì í mú àbájáde tó dára ju ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ọ̀dọ́, àyàfi pé ó ń dín bí eyín ṣe ń fara gbá kù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Oníṣègùn rere kì í bínú sí ìbéèrè.

Wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín sábà máa ń dúró di ìgbà tí eyín àgbà bá yọ tán. Ọdún kan àbọ̀ sí méjì ni ó máa ń gbà, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé egungun ní láti yọ́ níwájú eyín kó sì hù padà lẹ́yìn rẹ̀; kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà kan lọ lóṣù. Fífà á lágbára kò lè mú un yá, gbòǹgbò eyín ni yóò bà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́ á dun ọmọ: ẹ fún un ní ẹ̀kọ, túwó àti ẹ̀wà rírọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ kílíṣí, kúlíkúlí, ìrèké, egungun tàbí yìnyín, nítorí wọ́n máa ń já wáyà. Ó gbọ́dọ̀ fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe é, àmì funfun á wà lára eyín nígbà tí wọ́n bá yọ wáyà, àmì náà kì í sì í sábà lọ tán. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, àwo kan wà tí á máa wọ̀ sùn, torí eyín tí a sún máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Níbo ni kí a lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka eyín ilé ìwòsàn ìjọba, bíi Hôpital National de Niamey. Ẹ sọ pé ìpàdé eyín ọmọ lẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n lè darí yín sọ́dọ̀ orthodontiste, ìyẹn oníṣègùn tó ń to eyín. Nílé ní Nàìjíríà, ẹ̀ka tó ń to eyín wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, ní UCH Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ ro ibi tí ọmọ yóò wà fún ọdún méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn gbọ́dọ̀ rí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ síra wọn. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba Oṣù Keje 2023 ní Niger, wọ́n ti ẹnubodè Nàìjíríà àti Niger pa, Oṣù Kẹta 2024 ni ìjọba Nàìjíríà tó ní kí wọ́n ṣí tiwọn. Ọmọ tí oníṣègùn rẹ̀ wà lódìkejì kò rọ́nà lọ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ wáyà tí kò sí ẹni tó ń bójú tó kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ọmọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nílé lọ́dún tó ń bọ̀, ó sàn kí ẹ dúró kó débẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ wáyà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ oníṣègùn, fọ́tò egungun, àwòrán ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní àti irú wáyà tó lò. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí fóònù yín, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ sínú báàgì tí ọmọ náà gbé lọ́wọ́, kì í ṣe sínú ẹrù tó wà lórí mọ́tò.