Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi àti Sáyẹ́ǹsì: Kí Ni Kí Olùkọ́ Má Tíì Sọ?

Ní ọdún 2011, Elizabeth Bonawitz, Laura Schulz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kó dé etí gbogbo olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n fi páìpù ṣe ohun ìṣeré kan tó ní idán mẹ́rin nínú: ọ̀kan ń ké fín-ín, ọ̀kan ń tan iná, ọ̀kan ń kọrin, dígí sì fara pamọ́ sínú ìkẹrin. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ kan pé àwọn fẹ́ fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n, wọ́n sì fa èyí tó ń ké. Níwájú àwọn ọmọ mìíràn, olùwádìí ṣe bí ẹni pé ọwọ́ òun ló ṣèèṣì kàn án. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ohun ìṣeré náà sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ́ ni kò fi bẹ́ẹ̀ tú u wò. Èyí tí wọ́n rí tí àgbà fà ni wọ́n ń fà ṣáá, kò sì pẹ́ tó fi sú wọn. Àwọn tí wọn kò kọ́ ló tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, tí wọ́n sì rí púpọ̀ sí i nínú idán tó kù. Ẹ má wulẹ̀ pe àwọn ti ìṣáájú ní ọ̀dẹ̀ o. Ọgbọ́n orí wọn ló ṣiṣẹ́: bí idán mìíràn bá wà níbẹ̀, ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní fi hàn ni?

Ẹnu àgbà lágbára lórí ọmọ ju bí a ti rò lọ. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Switzerland, ti fi hàn tipẹ́ pé bí a bá to nǹkan sí ìlà méjì tó dọ́gba, tí a wá fa ìlà kan gùn, ọmọ tí kò tíì pé bí ọdún méje á ní èyí tó gùn ló pọ̀ jù. Ní 1974, James McGarrigle àti Margaret Donaldson ní Scotland dá ọgbọ́n mìíràn sí i. Wọ́n fi bèbí béárì kan ṣe aláìgbọràn, òun ló wá da ìlà náà rú. Wọ́n béèrè ìbéèrè kan náà, àwọn ọmọ tó gbà á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá á tètè mọ ìdí rẹ̀. Bí àgbà bá bi ọ́ ní nǹkan, tó fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà, tó tún bi ọ́, ìwọ náà á yí ìdáhùn rẹ padà kó má bàa dà bí ẹni ń jiyàn.

Bẹ́ẹ̀, iyàn jíjà ni sáyẹ́ǹsì, ọmọ kò sì lè jiyàn ní èdè tí kò gbọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn olùwádìí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó lo Yorùbá dópin kò gbẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Wọ́n ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Lójú tèmi, ọmọ kékeré ni ìpinnu yìí máa ni lára jù, torí òun ni ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù.

Kò dìgbà tí ìjọba bá tún èrò pa kí olùkọ́ tó ra ọsàn méjì. Kó gbé abọ́ omi kalẹ̀, kó béèrè kó tó ju ohunkóhun sí i: èwo ni yóò rì, èwo ni yóò léfòó? Kí kálukú sọ tirẹ̀, kó sọ ìdí. Ọsàn tó wà nínú èèpo á léfòó. Èyí tí a bó títí kan funfun ara rẹ̀ (kì í ṣe bí ọlọ́sàn ṣe ń bó o o) á rì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fúyẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ tó há sínú èèpo ló ń gbé ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má tíì sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan kọ́kọ́ ní kí wọ́n ju èèpo náà sómi wò.