Aláàárù Ló Ń Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Ẹrù

Bí a bá gbọ́ pé ìjọba ń múra de àwọn tí ń fi kòkòrò àrùn ṣe ohun ìjà, sójà àti dókítà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àwa ní aláàárù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2001, ọ̀daràn kan bu ohun tó kúnná bí àtíkè sínú lẹ́tà, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìròyìn àti sẹ́nétọ̀ méjì. Kòkòrò anthrax ni, àrùn tí a mọ̀ mọ́ màlúù àti àgùntàn. Ẹni tó bá fà á símú wà nínú ewu ńlá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, wọ́n já ọ̀kan ní ọ́fíìsì Sẹ́nétọ̀ Daschle ní Washington. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti ń yẹ imú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wò, wọ́n sì ń fún wọn lóògùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í fò. Pósófíìsì ńlá Brentwood ló gbà kọjá. Àwọn aláṣẹ rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti lẹ lẹ́tà pa, kò sóhun tó lè jáde níbẹ̀. Àṣé bí ẹ̀rọ ti ń tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀, àrùn ń gba ara bébà jáde. Iṣẹ́ ṣáà ń lọ! Ọjọ́ 21 ni wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ọjọ́ náà ni Thomas Morris kú. Joseph Curseen kú lọ́jọ́ kejì. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Nínú ènìyàn 22 tó kó àrùn náà lápapọ̀, 5 kú. Oṣù kejìlá 2003 ni Brentwood tó ṣí padà, orúkọ òkú méjèèjì ni wọ́n sì fi pè é.

Anthrax ò jìnnà síhìn-ín. Ní oṣù keje 2023, wọ́n rí i lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja. Ọ̀daràn kọ́ ló gbé ìyẹn wá o. Ṣùgbọ́n ì báà jẹ́ ọ̀daràn, ì báà jẹ́ àrùn lásán, alápatà ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bí ìjọba bá ń pe ìpàdé ìmúrasílẹ̀, kí wọ́n fìwé pe alápatà àti oníṣòwò pọ̀ǹmọ́.

Ẹ̀yin tí ń ta ẹran nínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹran bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde ní imú tàbí ìdí rẹ̀, ẹ má dúńbú rẹ̀, ẹ má bó awọ rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.