Ẹlẹ́ṣin Ọba: Ìtàn Kan, Ẹnu Mẹ́ta

Ohun tí a sọ lórí ètò la kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà àti ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán.

Gbogbo wa la mọ ariwo tó máa ń sọ nígbàkigbà tí fíìmù bá jáde látinú ìtàn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. “Wọ́n ti bà á jẹ́!” “Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé!” Ó dáa, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá kan náà lẹ́nu ìyá àgbà méjì mọ̀ pé kò lè dọ́gba. Ọ̀kan á fi orin kún un, èkejì á ní Ìjàpá kò tilẹ̀ jìyà. Ìbéèrè tó dùn jù ni pé: kí ló dé tó fi yí ibí yìí gan-an padà?

Ìtàn kan ṣoṣo la máa fi wò ó lónìí, ìyẹn ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo fíìmù rẹ̀, ẹ má bínú o, a máa sọ ìparí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́

Ní ìparí ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé Olókùn-Ẹṣin, ẹni tó bá ọba jẹ ọlá ààfin, gbọ́dọ̀ bá ọba lọ. Olókùn-Ẹṣin ti múra, àfi bí àwọn aláṣẹ òyìnbó ṣe gbọ́, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ mú un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló kú dípò rẹ̀.

Egungun ìtàn náà nìyẹn: ọba tó wàjà, ẹlẹ́ṣin tí kò lọ, òyìnbó tó dá a dúró, ọmọ tó kú. Àwọn mẹ́ta tí a fẹ́ sọ yìí kò yọ ìkankan kúrò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹran tí kálukú fi bo egungun náà ni kò jọra.

Dúró Ládípọ̀: òyìnbó ló fà á

Ní ọdún 1964, Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Wàjà jáde ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìlù àti orin. Nàìjíríà kò tíì pé ọdún márùn-ún tó gba òmìnira nígbà náà. Nínú eré yìí, ọwọ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni ẹ̀bi pọ̀ sí. Àánú ló ní òun ń ṣe, ṣùgbọ́n àánú ẹni tí kò mọ ìlú ló di òkú méjì, nítorí bàbá náà pa ara rẹ̀ nígbà tó rí òkú ọmọ.

Ẹ wá wo ọmọ náà. Ládípọ̀ sọ ọ́ di oníṣòwò ní Ghana. Lásìkò yẹn, ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Ghana tí wọ́n ń tajà. Ẹni tó bá jókòó wo eré náà lè ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan níbẹ̀. Ọmọ ilé ẹni tó lọ wá owó lọ ni.

Wọlé Ṣóyínká: Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ọdún 1975 ni Wọlé Ṣóyínká tẹ Death and the King’s Horseman jáde, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òun yí ẹ̀bi náà sí ibòmíràn. Lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́ṣin máa kú, ó rí ọmọge kan lọ́jà, ó ní òun á fẹ́ ẹ. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà sì ni! Ìyálọ́jà gbà, torí ta ló máa fi nǹkan du ẹni tó ń lọ sọ́run? Nígbà tí òyìnbó máa fi rán ọlọ́pàá wá, adùn ayé ti so Ẹlẹ́ṣin lẹ́sẹ̀. Ṣóyínká kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìjà àṣà Yorùbá pẹ̀lú àṣà òyìnbó lásán.

Ó tún yí ọmọ náà padà. Ọlúńdé kì í ṣe oníṣòwò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí gbogbo ọ̀rẹ́ yín ti já pa, ẹ mọ irú ọmọ tí à ń sọ. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti di òyìnbó, òun ló wá fara rẹ̀ dípò bàbá. Ikú yá ju ẹ̀sín.

Kí ló dé tí Ṣóyínká fi gbé ìtàn náà sínú ogun àgbáyé kejì? Nínú eré náà, ìyàwó òyìnbó sọ ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí ìlú má baà parun. Ọlúńdé mọ̀ pé akọni ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń wò ó ló kù láti bi ara wa: bí òyìnbó bá kú fún ìlú, ó di akọni, bí Ẹlẹ́ṣin bá fẹ́ ṣe é, kí ló dé tó fi di ẹ̀ṣẹ̀?

Bíyí Bándélé: ìtàn padà sílé

Ní ọdún 2022, fíìmù Elesin Oba bọ́ sórí Netflix. Bíyí Bándélé tó darí rẹ̀ ti kú lóṣù kẹjọ ọdún náà, kí ó tó jáde. Eré Ṣóyínká ló gbé e lé, ṣùgbọ́n ẹ wo èdè: àwọn ará ìlú padà sí Yorùbá. Òwe tí Ṣóyínká ti gbé wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì tún bọ́ ọ sílẹ̀. (Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà ti tú eré yìí sí Yorùbá ṣáájú, ó pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin.)

Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Ojú tí gbogbo wa fi ń ṣe sítíkà lórí WhatsApp, ojú ẹ̀rín, ló wá ń ru ikú. Yálà ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rín tí ẹ ti rín tẹ́lẹ̀ máa bá yín wo fíìmù náà. Brymo tó jẹ́ olórin ló sì ṣe Olóhùn-Iyọ̀.

Báwo la ṣe máa wò ó?

Nígbà mìíràn tí ìtàn tí ẹ mọ̀ bá tún dé, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Irú ọmọ wo ni wọ́n rò pé ó wà nílé àwọn tó ń wò ó? Èdè ta ni wọ́n fi sọ ọ́? Ìdáhùn yín á sọ nípa ẹni tó ń sọ ìtàn àti àsìkò rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Àlọ́ kọ́ lèyí. Ẹni gidi ló kú ní Ọ̀yọ́, ìdílé gidi ló sunkún. Nítorí náà, ẹ gbádùn Ọlúńdé, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí ohun tí ọmọ tòótọ́ náà rò. Ṣóyínká ló fún Ọlúńdé lẹ́nu. Ti ọmọ yẹn yàtọ̀.

Ó yá, ó kàn yín: tí ẹ bá máa tún ìtàn yìí sọ lónìí, ibo ni ọmọ Ẹlẹ́ṣin á ti máa bọ̀? Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.