Labalábá Orí Ewé Bomubomu

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ pẹ̀lú kò lè ṣe ìṣe labalábá, èyí tí ń pa ara dà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó lè fò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i ní Ìlọrin kò ní láti wọ igbó jíjìn lọ.

Ẹ wo igi bomubomu tí ń hù ní ẹ̀bá ọ̀nà àti ní ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí. Oje funfun rẹ̀ ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Orí ewé rẹ̀ kan náà ni labalábá kan ń yé ẹyin sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Labalábá náà pupa rúsúrúsú. Ṣóńṣó apá rẹ̀ dúdú, ó sì ní àmì funfun. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 1758. Danaus chrysippus ni a ń pè é nísinsin yìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹyin a pa, kòkòrò ajewé a sì jáde. Nígbà tí ó bá dàgbà, a ní ìlà dúdú, funfun àti àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú ìwo rírọ̀ mẹ́fà. Bí ó bá yó tán, a fi ìdí so ara rẹ̀ rọ̀, a sì di àpò kékeré tí ó ní àmì bí wúrà. Bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, labalábá a yọ.

Májèlé wà nínú oje bomubomu, kòkòrò yìí a sì máa fi í pamọ́ sí ara. Ẹyẹ tí ó bá ti jẹ irú rẹ̀ rí, tí èébì sì gbé e, kì í fẹ́ tọ́ ọ wò mọ́. Nítorí náà ni abo labalábá mìíràn, Hypolimnas misippus, tí kò ní májèlé, fi wọ aṣọ tí ó jọ tirẹ̀ láti fi bọ́ lọ́wọ́ ẹyẹ.

Ẹni tí ó gbin ọsàn ní láti mọ òmíràn. Èyí jọ ìgbẹ́ ẹyẹ ní kékeré. Bí ó ti ń dàgbà, a di àwọ̀ ewé, bí a bá sì fi ọwọ́ kàn án, a yọ ìwo pupa tí ń rùn. Ó lè jẹ ewé ọsàn kékeré tán pátápátá. Ẹ fi ọwọ́ ṣà á kúrò. Kò dìgbà tí a bá da oògùn sí i. Ṣùgbọ́n ti orí bomubomu kì í jẹ ọsàn, kì í jẹ àgbàdo, kì í sì í jẹ ẹ̀fọ́ wa. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ pa?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, ìbáà ṣe fóònù ni ó ní, kí ó jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn kò tíì mú apá labalábá gbóná. Kí ó rọra súnmọ́ ọn, kí ó má ṣe jẹ́ kí òjìji òun bò ó. Kí ó máa ya ewé kan náà lójoojúmọ́, kí ó sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó má ṣe já ẹ̀ka, kí oje náà má sì kan ojú rẹ̀, nítorí a máa pa ojú lára gidigidi.

Ilé ń pọ̀ sí i ní Ìlọrin, a sì ń ro bomubomu kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onílé, ẹ dá igi kan tàbí méjì sí ní ẹ̀yìn ọgbà, kí àwọn ọmọ wa lè rí ohun tí a ń sọ yìí.