Àjọpín tàbí Àjọní? Ìdè inú Mólékù Kéékèèké

Ní 1916 ni G. N. Lewis ṣàlàyé pé átọ́ọ̀mù méjì lè di ara wọn mú nípa níní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì pọ̀. Olùkọ́ tí ó bá pe èyí ní ìdè àjọpín lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ohun tí a bá pín, olúkúlùkù a máa gbé tirẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ó ń gbé ilé ayálégbé ní Sabon Gari, ní Kano, tí kànga wà ní àgbàlá wọn, mọ̀ pé gbogbo ilé ni ó ni ín. Kò sí ẹni tí ó lè bu ìlàjì kànga wọ yàrá. Ìdè àjọní ni ó yẹ é.

Háídírójìn ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1, ó sì ń fẹ́ 2. Nítorí náà ni méjì rẹ̀ fi ń so pọ̀. Ọ́ksíjìn ní 6 ní ìpele òde, ó ń fẹ́ 8. Ó bá háídírójìn méjì ṣe àjọní, omi dé.

Gáàsì àwọn wẹ́dà ni ó sún mọ́ ojú jù. Bí omi bá kan kábáàdì, asẹ́tílíìnì ni ó ń jáde: kábọ́ọ̀nù méjì, ìdè mẹ́ta láàrin wọn, háídírójìn kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bá ọ́ksíjìn jó, ooru iná náà a kọjá 3,000°C. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má dán an wò o.) Kì í ṣe títú ìdè mẹ́ta náà ni ó ń mú ooru yìí wá, bí ọ̀pọ̀ ti ń rò, títú ìdè ń gba agbára ni. Ìdè tuntun tí ó lágbára jù, nínú omi àti kábọ́ọ̀nù dàiọ́ksáìdì tí iná náà ń bí, ni ó ń tú ooru síta.