Ọmọ Wa Wọ C.E.G.: Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ọdún Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Nínú Ilé



Lọ́dọọdún, bí àgbàdo àkọ́kọ́ bá ti wọlé tán, tí oṣù kẹjọ ń lọ sópin, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní kíláàsì wa. Òbí kan á dúró dè mí lẹ́yìn tí a bá ti parí, á ní: "Olùkọ́, ọmọ mi ti gba CEP. Ó ń wọ C.E.G. lọ́dún yìí. Èmi tí n kò gbọ́ Faransé, kí ni mo lè ṣe fún un?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n á ní: "Mo ti ra káyé, mo ti ra bíìkì, mo ti rán aṣọ kakí. Ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run àti àwọn olùkọ́ rẹ̀."

Káyé rírà dára, aṣọ rírán dára. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ní ètò tirẹ̀. Ó yẹ kí ilé náà ní tirẹ̀. Ètò ti ilé kò sì gba Faransé púpọ̀. Ẹni tó bá lè ka ọjọ́, tó lè wo aago, tó sì lè ka nọ́ńbà dé 20, ẹni náà lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó yí padà. Ní ilé-ìwé kékeré, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ ní láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ náà mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé yín. Bí ọmọ kò bá wá fún ọjọ́ méjì, á ránṣẹ́ sí yín. Ní C.E.G., ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní olùkọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan á wọlé, á kọ́ wọn fún wákàtí kan tàbí méjì, á jáde. Òmíràn á wọlé. Èrò pọ̀ ní kíláàsì. Ọmọ lè jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì láìkọ nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò níbẹ̀, láti 6ème dé 3ème, kí wọ́n tó ṣe ìdánwò BEPC. Ọmọ tó bá ṣubú láàárín ọdún mẹ́rin yìí, kì í ṣubú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, níbi tí ojú kankan kò sí.

Nítorí náà, ojú tí olùkọ́ kan ṣoṣo fi ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ilé ni yóò ní in báyìí.

Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, wọ́n á fún àwọn ọmọ ní ìwé àkókò iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní emploi du temps. Ẹ ní kí ọmọ fi hàn yín ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ẹ̀yin fúnra yín dà á kọ sínú káyé yín. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni ẹ ó rí lókè: lundi ni ọjọ́ Ajé, mardi ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí ni ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀kọ́ sí, wọ́n sì máa ń gé e kúrú. Maths ni ìṣirò. S.V.T. ni ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀. P.C.T. ni ẹ̀kọ́ nípa omi, iná, irin, afẹ́fẹ́, àti bí a ṣe ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. E.P.S. ni eré ìdárayá. Bàbá kan wà ní kíláàsì wa tó rò pé P.C.T. jẹ́ orúkọ olùkọ́ kan. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ kò lè sọ fún un mọ́ pé kò sí iṣẹ́ lọ́la.

Ìwé kejì wà tí ilé-ìwé kò ní fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ ọ́. Ẹ mú ojú ewé kan, kí ẹ kọ oṣù ilé-ìwé sí i, láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kẹfà. Ní ẹ̀gbẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iṣẹ́ ńlá tí ilé yín máa ń ṣe nígbà náà.

N kò sí lára àwọn tó ní kí ọmọ má fọwọ́ kan ọkọ́. Èmi náà roko kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀ a máa jẹ ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo àwọn ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin ni kajú ń já sílẹ̀, àárín gbùngbùn ọdún ẹ̀kọ́ sì nìyẹn. Bí a kò bá ti gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ á pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ kan láti ṣa kajú, lẹ́yìn náà ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá ti kọ ọ́ láti oṣù kẹsàn-án, a ó ti mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti ọmọ, a ó sì ti wá ọwọ́ mìíràn fún àwọn ọjọ́ yòókù.

Ti ọjà tún burú ju ti kajú lọ, nítorí pé kò hàn sójú. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún kò bá ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé rìn. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ọjọ́rú, òmíràn á bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, òmíràn sí Ọjọ́bọ̀, òmíràn sí ọjọ́ Ajé. Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà yóò pàdánù ìṣirò lónìí, á pàdánù Faransé nígbà tó tún yí ká, á pàdánù S.V.T. lẹ́yìn ìyẹn. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kò wá. Ìyá náà á rò pé ọjọ́ kan péré ni. Nígbà tí ọdún bá parí, ihò á wà nínú gbogbo káyé. Ẹ sàmì sí àwọn ọjọ́ ọjà tó bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé, kí ẹ sì pinnu ẹni tí yóò ru ẹrù ní ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ó wá ku alẹ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ lálẹ́ tó fún ọmọ tó wà ní 6ème, bí ó bá jẹ́ ojoojúmọ́. Kí ó ní ibi tí ó ń jókòó sí, kí ó ní fìtílà tàbí gílóòbù tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé kúrò níwájú rẹ̀, kí fóònù sì wà lọ́wọ́ yín títí yóò fi parí. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, kí ẹ má bínú sí mi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọkùnrin ti ń kàwé láti aago méje. Arábìnrin rẹ̀ ṣì ń fọ abọ́, ó ń wẹ àbúrò, ó ń pọn omi. Nígbà tó bá jókòó, oorun ti kún ojú rẹ̀. Bí èsì bá wá dé, a ó ní ọmọbìnrin kò lórí ìwé. Ẹ pín abọ́ náà sí méjì.

Kí ni òbí yóò máa ṣe ní wákàtí náà? Ẹ béèrè pé: "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí? Sọ ọ́ fún mi ní èdè wa." Ìbéèrè yìí lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ lè ha Faransé sórí bí ayékòótọ́, kó má mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí kò yé e fún yín ní Yorùbá. Mo wà ní ilé kan lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọkùnrin kan ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa bí omi ṣe ń di òjò. Ó kà á láìṣì. Ìyá rẹ̀ àgbà ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́. Ìyá àgbà ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná, ó yí ọmọrí rẹ̀ sókè, ó ní: "Ta ló bu omi sí ibí yìí?" Ọmọ wo omi tó ń kán lára ọmọrí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì tètè dákẹ́ mọ́. Ìyá àgbà yẹn kò mọ ìwé rárá.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ṣí àwọn káyé. Ẹ kò nílò láti ka ẹ̀kọ́ inú wọn. Ọjọ́ tó wà lókè ojú ewé ni kí ẹ wò. Bí emploi du temps bá fi hàn pé ìṣirò wà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí káyé ìṣirò sì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ béèrè méjì tó kù. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tí olùkọ́ fi bíìkì pupa kọ, ìyẹn iye tí ọmọ gbà nínú 20. Ẹ kọ wọ́n sínú káyé yín. Bí ẹ bá rí 12, lẹ́yìn náà 9, lẹ́yìn náà 7 nínú ẹ̀kọ́ kan náà, ẹ má dúró de ìwé èsì. Ẹ lọ bá olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà, tàbí kí ẹ wá ọmọ ilé-ìwé àgbà kan tí yóò jókòó tì í.

Owó kò gbà wá lọ́rọ̀ púpọ̀. Ẹ mú lára owó àgbàdo ra káyé tí yóò kù títí dé àárín ọdún, kí ẹ fi díẹ̀ pa mọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń háyà yàrá gbé nítòsí C.E.G., kí ó kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú: gààrí, iṣu, epo, àti ẹni tí yóò gbé e lọ.

Ìwé èsì, bulletin, ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìyá kan tó ń ta àkàrà mú ti ọmọ rẹ̀ wá sí kíláàsì wa. Ó ti ro gbogbo nọ́ọ̀tì pọ̀, ó ti fi iye ẹ̀kọ́ pín in, èyí tó rí sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ lọ. Ó gbà pé ọmọ ti fọwọ́ kan ìwé náà. Ó ti nà án.

Mo mú ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀, mo kọ wọ́n sára pátákó. Ìṣirò: 8. Eré ìdárayá: 16. Bí a bá rò wọ́n pọ̀, 24 ni. Bí a bá pín in sí méjì, 12 ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì, coefficient, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí Coef. Iye ìgbà tí wọ́n ń ka nọ́ọ̀tì náà nìyẹn. Bí ti ìṣirò bá jẹ́ 3, 8 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 24. Bí ti eré ìdárayá bá jẹ́ 1, 16 dúró ní 16. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 40. Kì í ṣe méjì la ó fi pín in. 3 àti 1 jẹ́ 4, òun la ó fi pín in. 40 pín sí mẹ́rin jẹ́ 10.

Ìyá náà wo pátákó títí. Ó ní: "Mo na ọmọ láìṣẹ̀." Ó ní kí n tún un kọ, ó sì dà á kọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ló mú emploi du temps wá. Ìṣirò wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọmọ náà ló sì máa ń bá a bó ẹ̀wà ní ìdájí kó tó lọ sí ilé-ìwé, tí oorun á sì máa kùn ún ní kíláàsì. Ó fi bíìkì fa ìlà sábẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ní báyìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ pé àkàrà Ọjọ́bọ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.