Láti Adja-Ouèrè dé Natitingou, inú ọkọ̀ la sùn

Àwọn òyìnbó ní ọkọ̀ kan tí ibùsùn, ààrò àti omi wà nínú rẹ̀. Ibi tílẹ̀ bá ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Adja-Ouèrè kò ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹ, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn títí wọn yóò fi dé àríwá. Lóṣù Kẹsàn-án tó kọjá, a bá méjì nínú wọn lọ.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa ló kún ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. A tẹ́ ẹní lé e lórí, a gbé àdògán, gàrí àti ẹja gbígbẹ dání. A ò tíì kúrò nílé tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Òjò kejì ọdún ti dé lọ́dọ̀ wa, ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí sì gbé táyà mì nítòsí Massè. Wákàtí méjì la fi ti ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹrẹ̀ yẹn mọ ohun tí à ń wí.

A gba Pobè àti Kétou kọjá, a sùn mọ́jú ní Dassa, ìlú òkè 41. Ní Savalou, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, òkìtì iṣu tuntun ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ìyá wa ná an, wọn ò rà á. Ó di ìgbà tá a bá ń bọ̀.

Ní Manigri, a fi Nàgó kí èèyàn, wọ́n sì dá wa lóhùn. Ahọ́n tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Ìyẹn wú wa lórí gan-an, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí a ṣe jìnnà sílé tó.

Lẹ́yìn Djougou, ojú ọ̀run yí padà. Ìgbà òjò kan péré ni wọ́n ń rí lọ́dún lọ́hùn-ún, kì í ṣe méjì bíi tiwa, ó sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọkà bàbà ga ju èèyàn lọ, òkè Atacora nà gbọọrọ níwájú.

Epo tà ní Natitingou, kò pẹ́ rárá. Ni èyí àbúrò nínú àwọn oníṣòwò wa bá ní ká tẹ̀ síwájú dé Tanguiéta, bíi kìlómítà 50 sí i, kí òun lè fojú rí erin ní igbó Pendjari. Awakọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀nà inú igbó náà kì í ṣeé gbà lásìkò òjò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bà á lẹ́rù. Lóṣù Karùn-ún 2019, wọ́n jí arìnrìn-àjò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, àwọn agbébọn pa ọmọ ogun wa 54 lápá igbó W.

Lójú tiwa, awakọ̀ ló jàre, bó tilẹ̀ dun ìyá náà. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ létí títì sọ fún wa pé tẹ́lẹ̀, oṣù Kejìlá lòun máa ń retí, nígbà tí àwọn tó ń lọ wo ẹranko bá ń kọjá. Ní báyìí, àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù ló kù tó ń jẹun lọ́dọ̀ òun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a yí orí ọkọ̀ padà sí Savalou. Iṣu ti gbówó lórí díẹ̀ ju ìgbà tá à ń lọ. Àwọn ìyá wa rà á bẹ́ẹ̀.